Ìwé Ìbí Ajá Ṣẹ́fù

Ẹni tó bá kúrò ní Kpankou tó ń lọ sí Okpomèta lè la Òkè-Àfọ̀n kọjá láì mọ̀ pé òun ti la ìlú kan kọjá. Igi àfọ̀n mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ méjì tó ń lọ ẹ̀gẹ́, mọ́sáláṣí kan, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì kan, àti bíró àrọ́ńdísímáà, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò wa, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè. Inú bíró yìí ni olórí wa ń jókòó sí. Clément Ọláwùnmí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ṣẹ́fù là ń pè é. Àwa la yàn án. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Bí Ṣẹ́fù bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, á kọ́kọ́ dìde, á gbé agbádá sí èjìká, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á ní: "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ní orúkọ ìdàgbàsókè, àti nítorí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, mo pàṣẹ kí afẹ́fẹ́ wọlé." Àwa náà á pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pa á, nítorí òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Akọ̀wé yìí, Fidèle Babalọlá, lọ sí yunifásítì, ó sì gbàwé ẹ̀rí. Ó gbà pé inú òun lòun ti ń fi Ṣẹ́fù ṣẹ̀sín, àti pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín nínú kì í ṣe ẹrú ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún. Irú èrò báyìí ló ń jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé rí oorun sùn. Ṣẹ́fù ti ṣèlérí fún un: "Fidèle, ọjọ́ tí mo bá di mérì, alága gbogbo Kétou, tábìlì rẹ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi." Nítorí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí yìí, ọdún kẹsàn-án rèé tí Fidèle ti ń gbé ohun tí kò ṣeé gbé mì.

Nígbà tó yá, ajá dé.

Inú ọkọ̀ akẹ́rù ló ti sọ̀kalẹ̀, láti Cotonou tí Ṣẹ́fù ti rà á. Ó ga bí ọmọ màlúù, ọrùn rẹ̀ ki bí odó. Ní ilẹ̀ wa, a kì í dédé sọ ajá lórúkọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sínú sí aládùúgbò rẹ̀, tí kò sì fẹ́ ẹjọ́, á fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá, á wá máa pè é kíkan-kíkan létí ẹni tó ń bá wí. Àwọn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ìlú ń fi ojú kòkòrò wo àga Ṣẹ́fù. Ó bá sọ ajá ní Ẹjẹ́njọba.

Lọ́jọ́ kejì, ó pàṣẹ pé ẹni tó bá kọjá níwájú bíró gbọ́dọ̀ kí ajá náà. A sì kí i. Àwọn kan nínú wa fi ìtẹríba kún ìkíni náà, wọ́n ń bi í bóyá ó jí dáadáa. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n pọ̀ ju ẹni tí kò ṣe é lọ.

Kí n má ṣe rẹ́ ẹ jẹ: Ṣẹ́fù fẹ́ràn ajá yìí. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà ní Òkè-Àfọ̀n, òun nìkan ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ṣẹ́fù dópin láì wo ojú oòrùn. Á gbé orí lé bàtà rẹ̀, á sì máa mí. Ṣẹ́fù á máa ka ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́la fún un, bí ajá bá sì gbé etí sókè, á ní kí Fidèle fi ìlà sí abẹ́ ibẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Ẹjẹ́njọba kò fẹ́ jọba nínú ọgbà. Ó fo ògiri. Wọ́n gbé ògiri sókè, ó gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n da kọnkéré sí abẹ́ ògiri, ó kọ́ bí a ṣe ń fi imú ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́ òpó, ó fa òpó tu, ó sì ń wọ́ ọ káàkiri ìlú bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí. Kì í lé ewúrẹ́, kì í jí ẹran nínú ìkòkò. Ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń wá. Kì í gbó pàápàá. Á kàn rìn lọ bá a bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà, á sì gbá a lọ́rùn mú.

Fidèle ló ń lé e. Ẹ wo ọkùnrin tó kàwé, tó wọ bàtà dídán, tó ń sáré láàárín ìlú, tó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ n jọba! Ẹ jẹ́ n jọba!"

Philomène tó ń din gàrí lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè. "Akọ̀wé, ta ló dí yín lọ́wọ́? Ẹ yáa jọba, ká ráyè din gàrí."

Ní Òkè-Àfọ̀n, bí ẹran ọ̀sìn ẹnìkan bá ṣe ti ẹlòmíì léṣe, olówó ẹran fúnra rẹ̀ ló ń lọ, láàárọ̀, kó tó fi nǹkan kan ẹnu. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ṣí fìlà, á ní, "Tèmi ló ṣe é." Èyí tó kù, wọ́n á jókòó sọ ọ́, ó sì máa ń rọrùn sọ. A kì í rán ènìyàn. Olóyè kì í rán ènìyàn, nítorí ẹni tó bá ránni ti sọ pé ọ̀ràn náà kò dun òun.

Láti ayé àwọn ìyá àgbà wa ni àṣà yìí ti wà, ó sì ti mọ́ wa lára. Ṣẹ́fù kọ̀. "Ṣé èmi ni kí n ṣí fìlà nítorí ajá tó ń jẹ ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé? Akọ̀wé, kọ lẹ́tà."

Fidèle kọ ọ́. Mo ti rí ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà. Ó kà báyìí: "Sí ẹni tí ọ̀ràn kàn. Bíró gbọ́, pẹ̀lú ìfọkànsìn, pé etí ajá yín lọ kan eyín ajá kan. A ń gbà yín níyànjú láti tọ́jú etí yín. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìjọba." Òǹtẹ̀ méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fidèle ka gbólóhùn etí àti eyín yẹn sókè fún ìyàwó rẹ̀ ní ilé, ó ń dúró kó yìn ín. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tí lẹ́tà di mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní Kétou. Fẹ́milọ́lá ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó yẹ ajá wò, ó fọwọ́ pa á lórí.

"Ajá yìí ò burú, Ṣẹ́fù. Agbára ló pọ̀ lára rẹ̀ tí kò ríbi lò ó. Ẹ máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá ń jáde, ẹ fi nǹkan bò ó lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Pabanbarì rẹ̀, ẹ̀yin tó mọ̀ lólówó rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bá a wí fúnra yín."

Ṣẹ́fù dìde lọ ti ilẹ̀kùn. "Dókítà, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọ̀tá mi máa sọ? Wọ́n á ní wọ́n ti tẹ ilé Ṣẹ́fù lọ́dàá. Ẹnu bíbò náà kò ṣeé ṣe. A kì í bo ẹnu aláṣẹ."

"Ajá ni mò ń sọ, Ṣẹ́fù."

"Ẹ̀yin lẹ rò bẹ́ẹ̀."

Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé àwọn ajá yòókù ló jẹ̀bi, torí wọ́n máa ń wà nílé nígbà tí Ẹjẹ́njọba bá wá. Ṣẹ́fù pàṣẹ pé kí gbogbo ajá ìlú wà lórí ìso, àfi ọ̀kan. Ó tún fòfin de gbogbo òwe tí ajá ti ń jìyà tàbí tó ti ń sọnù, torí wọ́n lè ba ọkàn ajá jẹ́. Ẹyọ kan ló fi sílẹ̀ fún wa: bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Fún oṣù kan gbáko, bí àwọn àgbà bá ń parí ìjà láàárín tọkọtaya, ọ̀bọ yẹn ni wọ́n ń pa.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn dókítà, ìrìn nìkan ni Ṣẹ́fù gbà, ó sì gbé e fún Fidèle. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Fidèle á di okùn mú, á sì máa fò tẹ̀lé ajá bí aṣọ tí atẹ́gùn ń gbé. Àwọn ènìyàn ń kí i lójú ọ̀nà: "Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn. Ta ló ń mú ta rìn?" Fidèle á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé òun ló dá àwàdà náà.

Ọyẹ́ dé, wọ́n ti jó ìgbẹ́, àkókò ọdẹ ti tó. Bàbá Latifou ni olórí ọdẹ wa. Ó ní abo ajá kan tí ń jẹ́ Dúródèmí, tó ti bá a wọ igbó fún ọdún mẹ́fà. Ajá ọdẹ kì í lọ sóko pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra, Bàbá Latifou tú u sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláṣí. Ẹjẹ́njọba ti fo ògiri. Kí Fidèle tó sáré débẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Fidèle mú lẹ́tà karùn-ún lọ. Ó bá Bàbá Latifou níbi tó ti ń fi ọkọ́ gbẹ́ ihò tí yóò sin Dúródèmí sí lẹ́yìnkùlé.

"Akọ̀wé, jókòó. Kí lo tún kọ lónìí?"

"Bàbá Ọdẹ, Ṣẹ́fù ní kí n sọ fún yín pé bíró kẹ́dùn gidigidi..."

"Lẹ́tà rẹ kan wà nínú ilé. Èyí tí etí ajá mi lọ kan eyín níjọ́sí. Moutiatou ọmọ mi kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín. O mọ ìwé kọ. Lónìí, mi ò rẹ́rìn-ín." Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Kó wá. Kó ṣí fìlà, kó ní tòun ni. Mi ò ní béèrè nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀."

"Bí kò bá ráyè wá ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá ná ọjà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ráyè, àwa ọdẹ máa ráyè lọ fẹjọ́ sùn ní Pobè, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀."

Lójú ọ̀nà, Fidèle to gbólóhùn tó fẹ́ sọ fún Ṣẹ́fù. Ó rò ó títí ó fi dá ṣáká: "Ṣẹ́fù, ẹ lọ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa wọ bíró, gbólóhùn náà ti di: "Ṣẹ́fù, wọ́n ní ká kí yín."

Wọ́n ná ọjà lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọdẹ lọ sí Pobè. Ìròyìn dé pé obìnrin aṣàyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti Pobè wá gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba, lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ń to orúkọ àwọn tó lè di mérì.

"Bí mo bá ṣí fìlà fún ọdẹ lónìí, ta ló máa fìbò dé mi ládé lọ́la?" Ṣẹ́fù ń rìn síwá sẹ́yìn. Ó dúró. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Akọ̀wé, ajá yìí kì í ṣe tèmi. Ti àrọ́ńdísímáà ni. Ọmọ ìlú ni. Kọ ìwé ìbí fún un."

Ọwọ́ Fidèle dúró lórí ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀, tuntun kò sì ní dé kí oṣù méjì tó pé. Moutiatou, ọmọ Bàbá Latifou, ni Fidèle ń fi ojú ewé yìí pamọ́ fún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fọláṣadé, fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì ní gba orúkọ rẹ̀ láìsí ìwé ìbí. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìwé orúkọ. Fidèle ti sọ fún un pé kó wá ní Ọjọ́bọ̀.

"Ṣẹ́fù, ojú ewé kan ló kù. Ọmọ kan wà tí..."

"Fidèle. Tábìlì rẹ ní Kétou, mo ti yan igi tí wọ́n á fi kàn án. Ìrókò ni."

Fidèle kọ ọ́. Orúkọ: Ẹjẹ́njọba. Iṣẹ́: ẹ̀ṣọ́ ìlú. Bàbá: Àrọ́ńdísímáà Òkè-Àfọ̀n. Nígbà tó kan ìyá, Ṣẹ́fù ronú díẹ̀, ó ní kó kọ Ìdàgbàsókè. Ìkọ̀wé Fidèle dára lọ́jọ́ náà. Kò sí àbààwọ́n níbẹ̀.

Moutiatou dé ní Ọjọ́bọ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyá Fọláṣadé," ni Fidèle wí. "Ìwé ti tán."

Òótọ́ ni. Fidèle fẹ́ràn òótọ́ púpọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo wa péjọ sí iwájú bíró. Aṣàyẹ̀wò náà, Màdáàmù Prudence, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ṣẹ́fù pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lórí itan. Wọ́n so Ẹjẹ́njọba mọ́ irin fèrèsé. Ṣẹ́fù sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó kí afẹ́fẹ́, ó kí ilẹ̀ pupa tó bí wa, ó kí ọjọ́ ọ̀la. Ó ní òun gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan kò ní ajá, bí oòrùn kò ṣe ní fìtílà. Lẹ́yìn náà, ó na ìwé ìbí sókè. A pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a tún pàtẹ́wọ́.

Bàbá Latifou dìde.

"Mo dúpẹ́, Ṣẹ́fù. Láti ìgbà yìí, mo ti rò pé ajá ẹnìkan ló pa tèmi. Ṣé ti gbogbo wa ni? Èmi náà wà lára olówó rẹ̀ nìyẹn. Ajá gbogbo wa kò gbọdọ̀ jókòó lásán. Àwa ọdẹ ní abà kan lápá Adakplamè. A máa mú un lọ síbẹ̀, kó máa gbébẹ̀. Màdáàmù, bóyá ẹ lè bi ìlú bóyá wọ́n gbà."

Màdáàmù Prudence bi wá. Ọwọ́ lọ sókè, tiwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pàtẹ́wọ́ tán.

Bàbá Latifou tú okùn kúrò lára fèrèsé. Ajá náà tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó wẹ̀yìn, ó rí i pé Ṣẹ́fù kò dìde. Ó jókòó sílẹ̀. Àwọn ọdẹ méjì fà á, kò mira. Ajá tí kì í gbó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Ṣẹ́fù gbé agbádá sí èjìká. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìkejì kò jáde.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ajá mi ni."

"Ẹ tún un sọ, Ṣẹ́fù," ni Màdáàmù Prudence wí. "Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ajá mi ni. Èmi ni mo rà á. Tèmi ni."

"Ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

Ṣẹ́fù wo Fidèle. Fidèle wo òkè, ó ń ka páànù. "Akọ̀wé ló kọ ọ́," ni Ṣẹ́fù wí. "Àṣẹ ni mo tẹ̀ lé," ni Fidèle fún páànù lésì.

Moutiatou jókòó láàárín àwọn obìnrin. Ó dìde láì yára. "Màdáàmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yẹn. Ṣé òun ló gbẹ̀yìn?"

Màdáàmù gba ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó ṣí i. "Òun ló gbẹ̀yìn."

"Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́bọ̀ pé ìwé ti tán. Wọ́n ti ìwé orúkọ lọ́jọ́ Ẹtì, ti ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo máa sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ṣé ajá ló máa bá wa ṣe ìdánwò ni?"

Àwa tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, a gbé ẹ̀rín náà mì. Màdáàmù Prudence pa ìwé náà dé, ó fi í sábẹ́ apá, kò sì gbé e kalẹ̀ mọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, wọ́n yọ Ṣẹ́fù. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ti àwọn tó lè di mérì. Wọ́n gbé Fidèle lọ sí iyàrá ẹ̀yìn bíró, kó máa to ìwé àtijọ́ tí ikán ti jẹ. Ní ti Fọláṣadé, Pobè fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi wá ìwé rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń gun ọ̀kadà zémì lọ sí Kétou lọ́jọọjọ́ láti máa béèrè. Ìgbà tí mò ń kọ èyí, kò tíì rí i gbà. Ní ti àwa, a kò kí ajá mọ́. A ń sọ fún ara wa pé a kò kí i rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Clément Ọláwùnmí kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní bíró, ó fa ajá rẹ̀ lọ sí ilé Bàbá Latifou. Ó ti fi awọ dí i lẹ́nu. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Fidèle rí i lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, nítorí ó ti mọ́ ọn lára. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Fidèle wúkọ́. "Bàbá Ọdẹ, Ṣẹ́fù ní kí n..."

"Jẹ́ kó sọ ọ́, Akọ̀wé," ni Bàbá Latifou wí. "Ó ní ẹnu."

Clément ṣí fìlà. Orí rẹ̀ ti pá láàárín, a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Tèmi ló ṣe é," ó ní. Ó dúró, bí ẹni tó ń retí kí gbólóhùn gùn sí i. Kò gùn sí i.

"Ó ti tó," ni Bàbá Latifou wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ so ajá yín síbi tí mo ti lè máa wò ó."

Wọ́n wọlé. Fidèle ń lọ tẹ̀ lé wọn, àgbàlagbà náà sì fi ọwọ́ dá a dúró. "Ìwọ ò jẹ mí ní nǹkan. Ọ̀rọ̀ ajá ni tèmi." Ó na àgbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí Moutiatou ti ń gbálẹ̀, tó ti múra ìrìn àjò Kétou.

Fidèle lọ síbẹ̀. Gbogbo gbólóhùn tó ti kọ láti ọdún mẹ́sàn-án rọ́ wá sí i lọ́kàn: pẹ̀lú ìfọkànsìn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ìjọba, ní orúkọ ọjọ́ ọ̀la. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Ó ṣí fìlà.

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Moutiatou kò gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀, Akọ̀wé," ó ní. "Ìkọ̀wé yín dára."

Ó ń gbálẹ̀ lọ. Nígbà tó gbálẹ̀ dé ẹsẹ̀ Fidèle, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fidèle dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, nítorí àṣà wa sọ ìgbà tí ènìyàn máa ṣí i, kò sọ ìgbà tó máa dé e padà.